Àmì Pupa Lẹ́yìn Aláǹgbá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Òjò. Bàtà mi ò gbẹ láti ìjẹta. Mo wọkọ̀ lọ sí Èékánná — orúkọ tí mo sọ erékùṣù tó kéré jù lórí omi dáàmù yìí nìyẹn. Òkè ni tẹ́lẹ̀. Abúlé àwọn ìyá màmá mi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó sé omi. Ẹja ló ń gbébẹ̀ báyìí. Orí òkè nìkan ló yọrí, pẹ̀lú igi díẹ̀ àti àwọn aláǹgbá onírù gígùn tí omi sé mọ́ ibẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ bí ara ṣe ń rí fún wọn nínú àhámọ́. Mo ń mú wọn, mo ń kán kútẹ́ẹ̀sì sí wọn lẹ́yìn: pupa fún Èékánná, funfun fún Ẹ̀yìn-Màlúù, erékùṣù ńlá tí igbó ṣì kún. Kútẹ́ẹ̀sì pupa yẹn, ti màmá mi ni. Wọn ò tíì mọ̀ pé mo mú un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tong, ọ̀gá mi, ti mọ ohun tí a máa rí kí n tó débẹ̀ rárá: ilẹ̀ kékeré, aláǹgbá á máa tán lọ, omi kì í ṣe ohun tí wọ́n lè ré kọjá. Tí mo bá ka iye wọn tán lóṣù yìí, màá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, màá gboyè ọ̀mọ̀wé, màá sinmi. Ọdún kẹfà rèé! Gan, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ibùdó, tó ń ṣèwádìí ìjàpá omi, ní àwọn ìjàpá òun á ti rí ọmọọmọ kí n tó gboyè. Ẹnu-Ṣíbí ni mo ń pè é nínú ọkàn mi.

Ọjọ́bọ̀, 6

Màmá mi pè. Wọ́n tún béèrè ọjọ́ ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ti ń wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ṣé ojú mi ni? Aláǹgbá alámì pupa lórí Èbúté! Èbúté, erékùṣù tí tẹ́ńpìlì wà, níbi tí àwọn àlejò ti ń jẹ ọbẹ̀ orí ẹja. Omi tó wà láàárín rẹ̀ àti Èékánná, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pàápàá ń mí hẹlẹ kó tó là á já. Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sétí.

Ìṣẹ́gun, 11

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Omi tí wọ́n ní aláǹgbá ò lè ré kọjá, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fura sí i. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ mi lórúkọ tuntun: *Aláǹgbá Òmùwẹ̀*. Wọ́n ju ọ̀kan sínú bàsíà. Ó wẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀kan, ó gun ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kó sínú ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Ijó bẹ̀rẹ̀. Gan ń ya fídíò, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ó ti gúnlẹ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mẹ́rin mìíràn lórí Èbúté. Pupa ni gbogbo wọn, funfun kankan ò sí. Kí ló dé tó jẹ́ àwọn ti Èékánná nìkan ló mọ̀ ọ́n wẹ̀? Lórí Èékánná fúnra rẹ̀, mo wá títí, méjì péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní wọ́n ń ṣí lọ ni. Gan béèrè bóyá wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnu-Ṣíbí!

Ọjọ́rú, 19

Èékánná ti ṣófo. Mo ṣí gbogbo òkúta. Kò sí. Ó ti pẹ́ tí èmi àti wọn ti wà. Mo mọ èyí tó máa ń bù mí jẹ. Mo jókòó sínú òjò, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀, 20

Àárín oṣù òṣùpá lónìí, ọjọ́ tí àwọn àgbà máa ń ra ẹran tó wà láàyè tú sílẹ̀, kí oore rẹ̀ lè padà sórí ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Mo lọ ka aláǹgbá ní Èbúté. Ta ni mo bá lẹ́yìn tẹ́ńpìlì? Màmá mi àti ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n yí agbọ̀n ká, wọ́n ń kọrin àdúrà. Wọ́n ṣí agbọ̀n, aláǹgbá tú jáde, kútẹ́ẹ̀sì màmá mi wà lẹ́yìn wọn, màmá mi ò sì dá a mọ̀.

"Pingping! Ọmọ mi, wá wò ó! Tìẹ ni gbogbo èyí!"

Mo ní níbo ni wọ́n ti rà wọ́n. Wọ́n ní lọ́wọ́ Yu ẹlẹ́ja. Yu ní àwọn alámì yìí, ọ̀run ló fi oríire sí wọn lẹ́yìn. "Ṣé màá wá ra lásánlásán fún ọmọ mi kan ṣoṣo ni? Alámì pupa nìkan ni mo ní kó máa wá fún mi, pupa ni àwọ̀ oríire. Ó ń wakọ̀ jìnnà gan-an, kò rọrùn fún un."

Mo ní kútẹ́ẹ̀sì ni. Wọ́n ní kí n má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nítòsí tẹ́ńpìlì. Mo ní kútẹ́ẹ̀sì yín ni, èyí tó sọnù. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ní àwọ̀ yẹn jọ èyí tí màmá Pingping kùn lọ síbi ìgbéyàwó yẹn."

Màmá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù. "Èmi ni mo kó wọn tán?" Mo fẹ́ bínú, àánú wọn ni mo rí. Gbogbo òjò yìí, láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ń wọkọ̀ wá tú aláǹgbá sílẹ̀ torí mi. Àwa méjèèjì tọpa aláǹgbá títí ilẹ̀ fi ṣú. Mẹ́fà la rí mú padà sí Èékánná. Ológbò tẹ́ńpìlì ti sanra. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n wá ní kò burú, ká yọ òmùwẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n Èékánná ṣófo, àbí kò ṣófo? Ilẹ̀ kékeré, aláǹgbá tán. Ṣebí ohun tí a sọ náà nìyẹn. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló bi ọ́ léèrè ìyá ẹ?"

Ọjọ́ Àìkú, 23

Oorun ò kùn mí. Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo gboyè lọ́jọ́ Ẹtì. Omi ló sé wọn mọ́bẹ̀, òótọ́ ni. Omi kọ́ ló kó wọn sínú agbọ̀n.

Mo kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n pé mi ò lè kọ irọ́. Èsì dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: ọdún kan sí i, kíkà tuntun.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo lọ sọ fún màmá mi. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní àwọn ò ní ra aláǹgbá mọ́ láyé àwọn, àwọn tiẹ̀ ti lọ bá Yu jà létí omi, àwọn sì ti da kútẹ́ẹ̀sì tó kù nù. Mo dì mọ́ wọn. Ọkàn mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí òjò yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n bu ọbẹ̀ fún mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ronú.

"Ṣùgbọ́n ọdún kan ti pọ̀ jù fún mi láti káwọ́ gbera, kí n má tú nǹkan kan sílẹ̀ fún ọ. Ìjàpá omi ńkọ́? Yu ní òun mọ ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Ìwọ ò kúkú ń ka ìjàpá."

Mo rántí Gan àti àwọn ìjàpá rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmọ́ ọbẹ̀ gbóná. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó dá wọn lóhùn.