Mo Ti Yẹ Abẹ́ Àga Ilé Ìwé Ẹranko Wò

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò fi ojú rẹ gbolẹ̀ mọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, ibi tí o bá yà sí, ire ni wàá bá níbẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí méjì, akọ kan, abo kan, abo náà ń wúkọ́, ìyá rẹ sì ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n máa kọ́ yín ní oògùn ikọ́ ewúrẹ́ nílé ìwé tí o fẹ́ lọ yìí. Mo ní ẹranko igbó ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó ní ṣé ewúrẹ́ kì í ṣe ẹranko ni.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé náà gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé. Kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú mi lójú. Kí ènìyàn fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó, kó wá fi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò so mọ́lẹ̀, ta ló máa san owó oṣù rẹ̀? Ṣé erin ni? Ṣùgbọ́n mo rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, o dì mọ́ igi kan tí mo fẹ́ gé nítorí pé ẹyẹ yé ẹyin sórí rẹ̀, mi ò sì gé e títí dòní. Ìwọ kọ́ ni mò ń fura sí, ilé ìwé ni. Páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn, èmi tí mo sì ti tún ọ̀pọ̀ àjà tó jìn ṣe mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù télọ̀ tó múlé tì wá dé. Mo rí ilé ìwé àkọ́kọ́, èyí tó wù ọ́, ilé alájà mẹ́ta, gíláàsì ń dán, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo yí fóònù náà padà kí n lè wo ẹ̀yìn ilé náà, télọ̀ ní kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Nígbà tí a tẹ̀ síwájú wọ ìkànnì ilé ìwé náà, fóònù náà ní kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo bi télọ̀ pé ta ló lọ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni mí, ó ní gbogbo ayé ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé tó bá ń fura sí gbogbo ayé, ó yẹ kí ayé náà fura sí i díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá ní tí a bá sanwó kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á gé e sí ìdajì. Ọmọ mi, pákó tí wọ́n bá ń tà fún mi ní ìdajì iye rẹ̀, tí wọ́n sì tún ní kí n yára, ikán ti wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi kọ́ èjìká, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Mi ò sọ pé bàbá ẹnikẹ́ni ni mí. Mo ní káfíńtà tó ń tún àga ṣe ni mí, irọ́ kọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń pa ẹnu mọ́ nítorí káfíńtà. Wọ́n mú mi wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbowó, wọ́n ní àga mẹ́rin ń mì. Mo dojú wọn dé. Ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn wọ́n, kò síbi tí igi ti wọ inú igi, wọ́n wá fi ọ̀dà dídán bò ó lókè. Abẹ́ tábìlì ni mo wà tí akọ̀wé méjì fi ń sọ pé ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ ẹ̀ka ẹranko lọ sínú igbó ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń wo ẹranko báyìí, àti pé owó bàtà àti owó ibùgbé kò sí nínú iye tí wọ́n kọ fún àwọn òbí. Nígbà tí mo yọ jáde, ọ̀kan nínú wọn pariwo, ó ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Mo bi í jẹ́jẹ́ pé ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wọn láti máa kọ́ni níṣẹ́ ẹranko dà. Ó ní kí káfíńtà máa kan àga.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ilé ìwé kejì, èyí tí o ní o kàn fi kún un torí pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń gbà. Ìfura tí mo gbé lọ síbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé wọn kúrú, òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà. Obìnrin tíṣà kan tó wọ bàtà òjò, tí ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ló pàdé mi. Mo ní mo wá tún àga ṣe, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń tún tiwọn ṣe. Mo dojú bẹ́ǹṣì kan dé, ó ti gbó, ṣùgbọ́n igi wọ inú igi, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́ bí òkè rẹ̀ ṣe mọ́. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Tíṣà náà wò mí títí, ó ní káfíńtà tó bá ń wáṣẹ́ á ti dárúkọ owó, pé ọmọ ta ni mo wá ṣe amí fún. Ojú tì mí. Títí di ọjọ́ náà, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n fura jù mí lọ.

Mo jẹ́wọ́. Ó yọ ìwé àṣẹ wọn lára ògiri, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní owó bàtà àti ti ibùgbé ńkọ́, ó ní wọ́n wà nínú iye tí àwọn ń gbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó mú mi wọ igbó tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, àwọn ọmọ dojúbolẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń wọn ipasẹ̀ ẹtu bí èmi ṣe ń wọn pákó. Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ní kí á kọ orúkọ ẹni tí àwọn máa ránṣẹ́ pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ. Mo ní kí ni wọ́n mọ̀ tí wọn ò sọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ọmọ mọ́kànlélógún tí òun kọ́kọ́ kọ́ jáde, méjìdínlógún ló ń ṣiṣẹ́ ẹranko, méjì lọ ṣòwò, ọ̀kan kú. Àwọn tó ń pa ẹranko ní ìkọ̀kọ̀ ló yìnbọn fún un nínú igbó. Ó dárúkọ ọmọ náà fún mi, omi sì lé sójú rẹ̀.

Gbogbo ibi tí irọ́ lè sá sí ni mo wá a dé, òótọ́ ni mo bá, òótọ́ náà sì dùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ irú èyí fún bàbá tó fẹ́ fa ọmọ lé e lọ́wọ́, mo lè fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí o lọ. Má san nǹkan kan fún àwọn onígíláàsì. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú lẹ́tà yìí, awakọ̀ tó máa ń kó pákó wá fún mi ló ń mú un bọ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Jọ̀ọ́, nínú owó tó máa ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́, fún awakọ̀ náà ní owó ọkọ̀ kí n lè wá sìn ọ́ dé ilé ìwé, sì fi ti oògùn ewúrẹ́ ìyá rẹ kún un, kó yé yọ mí lẹ́nu. Má fi sí báǹkì. Wọ́n ní kí n fi ìka tẹ ẹ̀rọ kí ó lè mọ̀ mí, òòlù àti ayùn ti họ ìka mi tán, ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ̀ mí rí.

Igbó kò ní gbé ọ mì. Ẹranko tí o bá tọ́jú kò ní ṣe ọ́ níbi, ọta ìbọn kò ní mọ ọ̀nà ibi tí o bá wà. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Ìwọ ni kí o kọ ìyókù fọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ pè, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi síbẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
káfíńtà.