Omi Dé Ibi Tí A Tẹ́ Yín Sí

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí yín o. Mi ò mọ irú kíkí tí wọ́n ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín láàárọ̀, lórí ìkúnlẹ̀, tí ẹ ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun kí ẹ tó dáhùn. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n kọ̀wé yìí. Ojú ló ń tì mí. N ó jókòó sídìí máṣíìnì, n ó nawọ́ sí bébà, n ó tún fà á sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe irú èyí tí ọmọ ń sọ fún bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ìyá wà. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sóko lọ́jọ́ tí oòrùn bá rọlẹ̀, ó ṣì ń bá iṣu sọ̀rọ̀ nínú ebè bí ẹni pé iṣu létí. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà ní Àbíjàn, kò tíì wálé láti ìgbà tí a sin yín. Èmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fi páànù bò fún mi níwájú ilé, mo ń ránṣọ. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, á dà bí ẹni pé mo gbọ́ ikọ́ yín, ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ máa ń hú kí ẹ tó wọlé, kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn lè tètè pa ẹnu dé. Ẹ̀rín á pa mí. Lẹ́yìn náà n ó rántí.

Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí a má sin yín sínú ilé. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé máa gúnyán lórí àyà yín. Ẹ ní kí a gbé yín lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú àwa Mùsùlùmí nísàlẹ̀ odò, kí ẹ lè wà nítòsí Alùfáà Búráímọ̀, ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ jọ parí àríyànjiyàn tí ẹ ò rí parí láyé. A ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igi òrí la tẹ́ yín sí, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni kánsù la ọ̀nà mọ́tò tuntun láti ẹsẹ̀ òkè lọ sí ọjà. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe gbé katakata dé, wọ́n gbẹ́ gọ́tà ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí omi òkè lè máa bá a lọ sódò. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé etí ilẹ̀ ìsìnkú, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo omi tó ń ti orí òkè bọ̀ tú jáde lẹ́nu gọ́tà yẹn, kò sì rí ibòmíràn gbà ju àárín ẹ̀yin tí ẹ sùn.

Bàbá kékeré, àbúrò yín, ló kọ́kọ́ rí i. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò jókòó. Ó ní, “Àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ bàbá ẹ o. Ìwọ lo mọ kánsẹ́lọ̀. Lọ bá a sọ̀rọ̀.”

Lóòótọ́ ni mo mọ̀ ọ́n. Rájí ni kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, ọmọ ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà, tó máa ń jẹ iṣu sísun lọ́wọ́ yín nígbà tó wà ní kékeré. Èmi ni mo rán agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un. Mo fọwọ́ ara mi ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kàn án, nítorí mo ní ọmọ wa ni, ẹni tiwa ló dé ibẹ̀ yẹn.

Mo lọ bá a nílé. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún mi. Mo ṣàlàyé, ó ń mi orí. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. N ó gbé e dé ìpàdé.” Mo fọkàn balẹ̀. Oṣù yẹn parí, òjò kò dáwọ́ dúró. Mo tún lọ, ó ní wọn ò tíì fẹnu kò lé e lórí. Mo tún lọ, ìyàwó rẹ̀ jáde sí mi, ó ní ó ti rìnrìn àjò lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń gbóhùn rẹ̀ nínú yàrá.

Ni mo bá gba ọ́fíìsì kánsù lọ. Bẹ́ńṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ tí èèyàn ń jókòó lé títí ìdí á fi kú. Mo bá àwọn tó wá nítorí kànga tó dí níbẹ̀, mo bá àwọn tó wá nítorí páànù ilé-ìwé tí ìjì ṣí lọ. A di ojúlùmọ̀ ara wa, a ń fún ara wa ní guguru jẹ. Akọ̀wé á jáde, á ní alága kò tíì dé. Alága á dé, á ní wọ́n ti wọ ìpàdé. Ìpàdé á tú, wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ìró mọ́tò wọn nìkan la ó máa gbọ́. A ó wo ara wa, a ó palẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ dúró dè wọ́n lẹ́yìn ilé náà. Wọ́n jáde, Rájí wà láàárín wọn nínú agbádá tí mo rán. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, òkúta àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ la ní kí ẹ fi yí ẹnu gọ́tà yẹn padà. Bàbá mi ló wà níbẹ̀.”

Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin sísanra kan tó ń tayín, dúró wò mí. Ó ní, “Ìyá, àwọn alààyè ò tíì romi mu, òkú lẹ ní ká lọ ṣe gọ́tà fún? Òkú kì í dìbò o!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ojú Rájí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ wo ohun tó ń tì mí lójú, Bàbá. Ẹnu mi yìí, tí ẹ máa ń sọ pé ó mú ju abẹ ìfárí lọ, ẹnu yìí ló ní, “Ẹ ṣé o, sà.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn! Mo gbọn yanrìn kúrò lórúnkún, mo kọrí sílé. Ta ló kọ́ mi ní irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀yin, tí ẹ kọ̀ láti ṣí fìlà fún agbowó-orí lójú gbogbo ọjà, tí ẹ ní orí yín kì í ṣe ti ìjọba. Bí mo ṣe ń lọ lọ́nà, mo ń sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ti sọ. Igi ló ń gbọ́.

Mi ò jẹ́ kí Ìyá mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó dé apá odò mọ́, bó bá sì bi mí, n ó ní àwọn kánsẹ́lọ̀ ti gbọ́, iṣẹ́ ń lọ.

Òjò tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ó rọ̀ títí a ò fi gbọ́ ohùn ara wa lábẹ́ páànù. Nígbà tó dá, ariwo ta láti apá odò. Mo sáré lọ pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Etí ilẹ̀ ìsìnkú ti ya lulẹ̀. Nínú gọ́tà kánsù, láàárín ẹrẹ̀ àti ewé, aṣọ funfun kan há sí gbòǹgbò igi. Òkú Ìyá Sàúdá ni, tí àgbàrá hú jáde nínú sàréè, aládùúgbò wa tí ẹ̀yin àti ewúrẹ́ rẹ̀ kò rẹ́ rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àgbà tó ti bímọ, wà nínú omi dé ìbàdí, wọ́n ń ké bí ọmọ ọwọ́. Lèmọ́mù ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, òun náà bọ́ sínú omi, ó ní kí gbogbo obìnrin kọ ẹ̀yìn. A kọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó yí padà, mo ti rí i pé ilẹ̀ tó kù láàárín ẹ̀yin àti àgbàrá kò gba ẹní tí èèyàn ń tẹ́ kírun.

Wọ́n ránṣẹ́ sílé àwọn kánsẹ́lọ̀. Wọ́n ní wọ́n lọ sí ìpàdé ní Ìbàdàn.

Ìyá ti gbọ́ kí n tó délé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò kà á. Ó ní, “Ṣé iṣẹ́ tí o ní ó ń lọ nìyẹn?” Mo kúnlẹ̀, mo gbórí lé e lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kan irun mi. Ó ní, “Sunkún tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ mi kúrò nínú omi.”

Báyìí ló ṣe rí, Bàbá. Ohun tí mi ò lè sọ láti òkè wá nìyí: a hú yín. Lèmọ́mù ní ẹ̀sìn gbà á bí omi bá ń lé òkú. Ilé rẹ̀ fi ilẹ̀ tọrẹ níbi gíga lápá ọ̀nà Tẹ̀dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá kékeré wá bá mi pé kí n wá aṣọ. Mo ṣí àpótí, mo mú funfun tó dára jù nínú ọjà mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gé e. Mi ò rán an. Abẹ́rẹ́ kì í kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí obìnrin súnmọ́ ọn. Èmi àti Ìyá dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò lójú ọ̀nà. A ń gbọ́ ìró ọkọ́, a ń gbọ́ ohùn Lèmọ́mù tó ń ké Kùránì. Nígbà tó yá, Bàbá kékeré jáde wá. Òun nìkan ló gbé yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí abọ́ á máa mì lórí pẹpẹ, tí àwọn géńdé ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ yín lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbé yín mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó dúró. Ó wo Ìyá. Ó ní, “Ìyàwó wa, ó ti fúyẹ́.”

Ìyá fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ní kó máa lọ.

Èmi àti Ìyá tẹ̀ lé wọn dé ọ̀nà Tẹ̀dé, a dúró lókèèrè; wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bò yín nígbà tí mọ́tò kánsù dé. Rájí bọ́ sílẹ̀, onífọ́tò tẹ̀ lé e. Ó gbé ohùn sókè: “Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjọba yín ò sùn o!” Ọkọ́ ń ròkè, ọkọ́ ń rodò. Nígbà tó sú u, ó wá sọ́dọ̀ wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá, ẹ má bínú.”

Ìyá ní, “Mi ò bínú, ọmọ mi. Bọ́ agbádá yẹn, kí o gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbà. O jẹun lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń sin yẹn.”

Ó dìde. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀. Ó ní wọ́n ń retí òun ní ọ́fíìsì. Gbogbo èèyàn wò ó títí ó fi wọ mọ́tò.

Mo ti rò pé bí mo bá rí ìtìjú lójú rẹ̀, inú mi á dùn. Kò dùn. Àdúgbò kan náà ló bí èmi àti òun. Àwa la jó tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti búra fún un, lára ẹ̀yin òkú wa la sì ti rí èrè rẹ̀.

Gọ́tà náà ṣì wà. Nígbà tí iṣu ti wọlé, àwọn ọkùnrin àdúgbò kó ṣọ́bìrì, àwa obìnrin ru òkúta, a gbẹ́ ojú omi mìíràn fún un lọ sódò. Ọwọ́ mi bó, abẹ́rẹ́ ò ṣe é dì mú. Òjò tọdún yìí ti rọ̀, ilẹ̀ ò ya mọ́, Alùfáà Búráímọ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Ìyẹn tún ń dùn mí: a ti ya yín. Ìyá Sàúdá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Akọ̀wé kánsù sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ sí pé ọ̀rọ̀ wa ṣì wà níwájú ìpàdé. Rájí fi aṣọ ọdún Iléyá ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun rán an. Mo dá a padà. Mo ní ọwọ́ mi ò gbà á.

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí a ń gbé yín? Ṣé omi ti kàn yín kí a tó dé? Ṣé ẹ pè mí nígbà tí mo wà lórí bẹ́ńṣì yẹn, tí mi ò gbọ́? Ká ní èmi ni ọkùnrin, ká ní mi ò kúnlẹ̀, ṣé wọn ì bá gbọ́? Ṣé ẹ ṣì lè pè mí lọ́mọ?

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ fún yín, nítorí ẹ ò fi ẹsẹ̀ ara yín débẹ̀. Bí èèyàn bá ti ìlú jáde lójú ọ̀nà Tẹ̀dé, ọwọ́ ọ̀tún ni, níbi tí ilẹ̀ ti gòkè. Apá òkè la kọ orí yín sí. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí oòrùn bá sì tàn, páànù ilé wa ń dán lókèèrè. Ìyá ní kí n sọ fún yín pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ẹ bá jí, tí ibẹ̀ sì ṣàjèjì lójú yín, ẹ dákun, ẹ má sọ̀kalẹ̀ lọ wá wa létí odò. A ò sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, tí ojú yín sì ń tì.