Gbòdògì Inú Yàrá Opó

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdí obì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Músílíù àti ìyàwó wọn, ẹ bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Fóònù mi, ìyá mi, etí mẹ́ta ló ń gbọ́ ọ. Pákó ni wọ́n fi gé yàrá yìí, Àǹtí Mùínátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n ní kí wọ́n máa bá mi sùn títí n ó fi jáde opó, kì í sì í gbàgbé ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá mi pé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ràṣídì ọkọ mi, mi ò tí ì kọjá ẹnu ọ̀nà àgbolé wọn. Ìyá Ṣàkírà, ọ̀rẹ́ mi, ló ń bá mi tajà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Àrin. Wọ́n ní mílíìkì tún ti wọ́n sí i, pé àwọn oníbàárà ń béèrè mi. Ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọjà náà, ó sì jìnnà sí mi ju Mẹ́kà lọ.

Mi ò bá òfin Ọlọ́run jà o. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì fẹ́ ṣe opó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n yàrá yìí há. Ògiri ilé kejì ni fèrèsé mi kọjú sí, bí mo bá na ọwọ́, mo lè kàn án. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba gbogbo ojú ọ̀nà. Bí kò bá rọ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ á máa wọlé bá mi. Nígbà tí mo sunkún sí yín létí pé ojú mi ń pòùngbẹ ewé, ẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wú ìdí gbòdògì lábẹ́ kòkó Bàbá, ẹ fi àpò tútù wé e, ẹ fi rán dírẹ́bà sí mi. Ẹ ṣeun. Ẹ ní kó sọ fún mi pé ibòòji ló fẹ́, kí n má gbé e sí oòrùn, kí n ní sùúrù.

Èmi tí mo ti ń fi gbòdògì wé obì láti kékeré, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ta ló ń gbin gbòdògì? Ó máa ń hù fúnra rẹ̀ ni. Níbí, erùpẹ̀ pàápàá, wíwá ni à ń wá a, torí kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ló lọ bu erùpẹ̀ dúdú wá lẹ́yìn ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ní Pópó Àgùdà. Ó lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan, ó sì bá mi gbé e wọlé. Mo ṣe oríkunkun sí ọ̀rọ̀ yín, mo gbé e sí àgbàlá níbi tí oòrùn ọ̀sán ń kàn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, etí ewé rẹ̀ ti gbẹ bí ẹja yíyan. Mo gbé e padà sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, mo tún wá ń bomi rin ín jù, ìdí rẹ̀ fẹ́ rà. Ní báyìí mo ti mọ ìwà rẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú kẹ́tùrù àlùwàlá ní Àsùbáà ti tó o, bí mo bá sì ti fi àkísà tútù nu èéfín kúrò lára ewé rẹ̀, ó parí. Ó ti yọ ewé mẹ́rin. Èyí tó bá jẹ́ tuntun máa ń jáde ní kíká bí ẹní ìkírun, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti tẹ́ ara rẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń wò ó, n kò ní purọ́.

Àwọn ará ilé kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀. Opó tó ń gbin ewé sínú yàrá, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí èèyàn á rò. Àǹtí Mùínátù béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ewé náà ṣe, mo ní obì ni wọ́n ń fi í wé nílé wa. Wọn ò gbà mí gbọ́, àfi ìgbà tí Àlájà, ìyá ọkọ mi, wọlé wá wò ó, tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín pé ewé obì Ìjẹ̀bú mà ni. Wọ́n fọwọ́ kan án, wọ́n ní ẹ ò rí i bó ṣe ń dára nínú òkùnkùn, kò béèrè oòrùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó bá ní irú sùúrù yìí, ilé ọkọ ni yóò gbó sí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyá mi, àwọn èèyàn yìí dára sí mi. Oúnjẹ ò wọ́n mi, kò sẹ́ni tó fojú burúkú wò mí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Wọ́n fẹ́ kí àbúrò ọkọ mi ṣú mi lópó. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é, bí ìyàwó ilé gbogbo ṣe ń pe àbúrò ọkọ, a sì jọ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Àwàdà náà ti ń di òótọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá mi gbé wọlé yẹn, yàrá rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà inú rẹ̀ kùn dè mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mi ò fẹ́ ẹ.

Ẹ ó ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ta ni n ó sọ ọ́ fún? Ààfáà ti kìlọ̀ fún wọn pé a kì í bá obìnrin tó wà nínú opó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹni tí wọn ò bi, báwo ló ṣe fẹ́ kọ̀? Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní ojú mi le, pé ilẹ̀ sàréè ọkọ mi ò tí ì gbẹ tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ọkọ. Mo kàn ń jókòó ni, ọjọ́ ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Mùínátù jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu wọn pé Àlájà ti pè yín, pé ẹ sì ti ní kò burú. Ìyá mi, ṣé òótọ́ ni? Ṣé ohun tí ẹ ń bá mi sọ nìyẹn, nígbà tí ẹ ní ibòòji ló fẹ́, kí n ní sùúrù? Mo ti rò ó títí, orí ń fọ́ mi. Bó bá jẹ́ ewé lásán lẹ ń sọ, ẹ dárí jì mí. Bó bá jẹ́ èmi ni, rárá ni. Mo fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Yàrá kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí Ìyá Ṣàkírà ti bá mi wò, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni mò ń lọ bí mo bá jáde opó.

Ìwé ìròyìn tí mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde. Mo mọ̀ pé Bùọ̀dá Músílíù kì í ṣàìrà á, wọ́n á kà á sí yín létí lọ́jọ́ náà gan-an. Àlájà náà kì í pa á jẹ, ṣùgbọ́n ojú wọn ò ríwèé kà mọ́. Èmi ni wọ́n máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kí n kà á sókè láti ojú ewé kìíní dé ìparí, Àǹtí Mùínátù àti ọkọ mi kékeré á sì jókòó tì wá. Wọn ò bi mí, èmi náà ò ní dá wọn lóhùn. Ìwé ìròyìn ni mo kàn máa kà. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ ti ní kò burú, ẹ yáa tètè pe Àlájà kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, kòkòrò ò ní ba obì yín jẹ́, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ìdí obì.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù