Tọ́ọ̀ṣì Orí Tí Mo Rà fún Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kún o. Ọ̀kún, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí ẹ má baà ní Lọ́kọ́jà ti gba ẹnu ilé mọ́ mi lẹ́nu.

Kajú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ìyẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun lẹ̀ bá kọ́kọ́ béèrè. Ó so dáadáa lọ́dún yìí, pàápàá àwọn igi tó wà lápá ibi òkúta. Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ. Mo ṣì wà nínú yàrá kan náà ní Adankolo, níbí ní Lọ́kọ́jà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí mi ká ò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Mò ń jẹun, mò ń wẹ̀, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń dá èèyàn lóhùn. Tí ẹ bá ní kí n sọ bó ṣe ń ṣe mí nínú, mi ò mọ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mi ò tíì sunkún. Nígbà ìsìnkú, àwọn obìnrin ìjọ ń wo ojú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Délé ò bá Màámi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má bínú pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni, títí di Sátidé tó kọjá. Ó ní Màámi ló jẹ́ kí àgbàlagbà jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí kóró kajú. Ó ní tí wọ́n bá di ẹ̀wù yín mú lẹ́nu ọ̀nà ni, ẹ ò ní lọ. Bí ẹni pé wọ́n bí ẹni tó lè di ẹ̀wù yín mú. Ó gbàgbé pé ẹni tó bá fẹ́ ṣa kajú tirẹ̀ ní láti tètè jáde, torí àwọn tí kò gbìn ín máa ń jí ṣáájú ẹni tó gbìn ín. Màámi ò gbèjà ara wọn. Láti Àbújá ni Délé ti máa ń pè mí, á ní kí n bá òun wo àlàáfíà wọn, á sì gé fóònù.

Èmi náà ò gbèjà wọn. Mo gbà pé èmi ti ṣe tèmi, torí èmi ni mo ra tọ́ọ̀ṣì.

Mi ò sọ bí mo ṣe rà á fún yín rí. Ẹ rántí pé tọ́ọ̀ṣì àfọwọ́mú lẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan mú tọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ kejì mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ mú kóró kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tú ewé, ẹ ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, itọ́ á máa dà sí yín lágbọ̀n. Màámi á ní ẹ jọ ajá tó gbé egungun. Mo wá ní kí n ra èyí tí wọ́n ń dè mọ́rí, irú èyí tí àwọn ọdẹ ń lò, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ sí àdúgbò Kabawa, sọ́dọ̀ Àáfà tó ń ta iná àti bátìrì. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Kabawa ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Á bá oníbàárà kan sọ Hausa, á bá èkejì sọ èdè Tápà, tó bá kàn mí, á padà sí Yorùbá láìmí. Ó kó oríṣiríṣi tọ́ọ̀ṣì orí síwájú mi. Èmi fẹ́ mú èyí tí iná rẹ̀ le jù. Ó ní rárá, pé èyí tó bá ń tàn bí iná mọ́tò kì í pẹ́ jẹ bátìrì tán, pé ẹni tó ń wá nǹkan nídìí igi ò nílò kó máa rí òdì kejì odò Ọya. Ó bi mí bóyá iná ìjọba wà lábúlé yín. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n fi èyí tí wọ́n ń ṣáájì sílẹ̀, kí n mú oníbátìrì kéékèèké mẹ́ta. Ó ní kí n wò ó bóyá orí rẹ̀ ṣeé tẹ̀ sísàlẹ̀, torí iná tó kọjú síwájú nìkan kò wúlò fún ẹni tó ń wo ilẹ̀. Kí rọ́bà rẹ̀ fẹ̀, kó má baà máa gé yín níwájú orí. Kí ìrì má lè wọ inú rẹ̀. Nínú àwọn tó ní gbogbo rẹ̀, mo mú èyí tó fúyẹ́ jù. Mo yàn án dáadáa, Bàbá. Ó tó wákàtí kan tí mo fi dúró níbẹ̀.

Àáfà wá fẹ́ tú u kó dán an wò lójú mi, bí gbogbo ọlọ́jà ṣe ń ṣe. Èmi ni mo ní kó má tú u. Èmi tí kì í ra gílóòbù láìjẹ́ kí wọ́n tàn án. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín tú u nínú páálí, kó jẹ́ pé ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo mọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn nǹkan tó ṣì wà nínú ọ̀rá tó. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ọ̀rá àga fún ọdún méjì kí Màámi tó fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Mo fún dẹ́rẹ́bà kan ní gáréèjì kó bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, torí iṣẹ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ yẹn. Báwo ni Lọ́kọ́jà ṣe jìnnà sí ilé wa ní Ọ̀wọ́rọ̀ tó? Mi ò wá.

Ẹ pè mí lọ́jọ́ kejì. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ó mọ́lẹ̀ gan-an. Bí ọ̀sán ló rí." Inú mi dùn, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá pè ni mò ń béèrè rẹ̀, gbogbo ìgbà náà lẹ sì ń yìn ín. Ẹ ní gbogbo ọkùnrin abúlé ló ń béèrè ibi tí mo ti rà á. Ká ní ilé ni mo kọ́ fún yín, àdúrà tí ẹ ṣe fún mi ò lè ju ti tọ́ọ̀ṣì yẹn lọ.

Ó wà lórí yín láàárọ̀ tí ẹ ṣubú. Ẹsẹ̀ yín yọ̀ lápá ibi òkúta, ẹ fi ẹ̀yìn orí lélẹ̀, ẹ sì ti lọ kí ọkọ̀ tó dé títì. Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí wọ́n rí yín, kò sẹ́ni tó wò ó bóyá iná náà ń tàn. Gbogbo ayé ní ẹni tó ní irú iná báyẹn lórí, tó ṣì ṣubú, ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn. Kí n má parọ́, ó tù mí lára. Wọ́n kó tọ́ọ̀ṣì náà fún mi pẹ̀lú aago yín, mo sì jù ú sísàlẹ̀ àpótí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Màámi ní apá àwọn nìkan ò ká kajú náà mọ́. Mo ní màá wá ní Sátidé. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì yín jáde, mo tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Mo ní bátìrì rẹ̀ ló ti kú, ó kúkú ti fẹ́ẹ̀ pé ọdún kan. Nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo yà sọ́dọ̀ Àáfà kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ó béèrè yín, mo sọ fún un. Ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ yín. Ó ṣí ẹ̀yìn tọ́ọ̀ṣì náà. Ó fi ìka méjì fa ọ̀rá pẹlẹbẹ kan jáde níbi tí bátìrì ti kan irin. Àwọn tó ṣe é ló máa ń fi há a síbẹ̀, kí bátìrì má baà jẹ tán kó tó dé ọjà. Ó tẹ tọ́ọ̀ṣì náà, ó tàn.

"Wọn ò lò ó rí," Àáfà sọ. "Iná yìí ò tíì tàn rí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún ra bátìrì tí mi ò nílò mọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé.

Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ẹ ò sì ní tú u, mo mọ̀ yín. Láti ìgbà tí ẹ ti tú rédíò tó sì yadi, tí Màámi sọ yín ní dókítà rédíò, ẹ ò tún ti ọwọ́ bọ inú nǹkan mọ́. Ẹ gbà pé òkú tọ́ọ̀ṣì ni mo rà. Ẹ sì ń yìn ín fún mi, oṣù méjì gbáko.

Mo lọ ní Sátidé. Tọ́ọ̀ṣì náà dára, Bàbá. Mo tẹ orí rẹ̀ sísàlẹ̀, iná bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi gẹ́lẹ́. Mo rí kóró lábẹ́ ewé, mo rí ibi tí òkúta ti ń yọ̀. Tí Màámi bá pè mí, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo iná kí n tó yíjú sí wọn, kó má baà bá wọn lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jókòó, à ń yọ kóró lára èso. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ ọ̀rá náà fún wọn. Mo ní ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiwọn, àti pé màá sọ fún Délé.

Màámi ò dúró, wọ́n ń yọ kóró lọ.

"Mo mọ̀ pé kò tàn," wọ́n ní. "Bàbá yín ló ní kí n má sọ fún ẹ. Wọ́n á dè é mọ́rí, wọ́n á mú tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lọ́wọ́, kí ará ilé má baà ní ohun tí ọmọ wọn rà kò dára."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí Délé máa di ẹ̀bi rù wọ́n láti ọjọ́ yìí.

"Ọmọ tó bá bínú sí ìyá á padà wá," wọ́n ní. "Tó bá bínú sí ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kù tí mi ò bá sí mọ́."

Mo pe Délé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rù tó bà mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: páálí tí mi ò jẹ́ kí wọ́n tú, dẹ́rẹ́bà tí mo fi rán, ọ̀rá, àti ohun tí Màámi gbé mì nítorí mi. Ó wá ní kí n fún Màámi ní fóònù. Wọ́n nu omi kajú tó wà lọ́wọ́ wọn sára ìró, wọ́n gbé e sétí. Mi ò gbọ́ ohun tí Délé ń sọ. Màámi nìkan ni mò ń gbọ́. "Hẹn. Hẹn." Wọ́n wá ní, "Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

Ojú mi gbẹ síbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín. Ṣé mo máa ń le mọ́ yín ni? Ṣé ẹ rò pé màá bínú? Ká ní ẹ sọ fún mi pé kò tàn, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà wá, lórí fóònù.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ̀ bá ti sọ òótọ́ fún.