Bàbá Tí Kò Fẹ́ Kí Àna Gbọ́

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
                                                  Bódìjà, Ìbàdàn.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Fèyísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òjò Àkúrẹ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ẹsẹ̀ màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Jóṣúà ti ń jẹ́ kí o sùn mọ́jú báyìí? Ara tèmi le, àfi ìwé kíkà tó fẹ́ sọ mí di arúgbó.

Mo gbọ́ pé o ń sọ fún wọn nílé pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo wá kọ́. Irọ́ ni, jàre. Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ìdájọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì ni Sista Ìfẹ́dayọ̀, olùkọ́ wa, fi ń wò ó. Wọ́n ní àwòrán Ọlọ́run ni ẹni tí olè jà, àwòrán Ọlọ́run náà sì ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dáa. Mo rò pé ó ti yé mi.

Lóṣù tó kọjá, Sista kó wa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀, Bàbá Sàlàkọ́, tó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní àdúgbò Challenge. Olè jí irin kó níbẹ̀, ọlọ́pàá sì mú bàbá pé wọ́n lọ́wọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ti fún wọn ní béèlì, àmọ́ wọn ò rí onídùúró, torí pé bàbá ò dárúkọ ẹbí kankan fún ẹnikẹ́ni. Sista bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò la ẹnu. Ibẹ̀ ni wọn ì bá wà títí ẹjọ́ yóò fi parí, ìgbà tí ìyẹn yóò sì jẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé ká má sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Fèyí, bí mo ṣe rí orí ewú bàbá yìí, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí. Wọ́dà kan jágbe mọ́ mi pé ta ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Ojú tì mí gan-an. Bàbá bá bi mí pé:

“Ṣé èmi lo kúnlẹ̀ kí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ni bàbá bá bú sẹ́kún, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Àrìnpé, tó ń ránṣọ ní Apẹ̀tẹ̀. Oko ló rò pé bàbá òun lọ. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Bàbá ní kàkà kí àna gbọ́ pé òun wà lẹ́wọ̀n kí wọ́n sì kọ ọmọ òun, kí òun kúkú kú síbẹ̀. Wọ́n gbà ká sọ fún Àrìnpé nìkan.

Èmi àti Sista la lọ. Àrìnpé sunkún, ó wá ní òun ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà òun. Mo ń rò ó pé èmi ni mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ mi da ìgbéyàwó oníìgbéyàwó rú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a dé kóòtù. Àrìnpé nìkan ni mò ń retí, àfi bí mo ṣe rí bàbá kan tó ń tẹ̀ lé e bọ̀, tí wọ́n há ìwé ilé wọn mọ́ abíyá. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Bàbá Sàlàkọ́ ò lè gbójú sókè. Akọ̀wé kóòtù béèrè ohun tí onídùúró jẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ dúró fún.

“Àna mi ni. Ẹ bá wa ṣe é kíá, a ò lè ṣègbéyàwó láìsí bàbá ìyàwó.”

Ẹjọ́ ò tíì parí o, ṣùgbọ́n láti ilé ni bàbá yóò ti máa wá jẹ́ ẹ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Bá mi kí màmá àti bàbá, kí o sì bá mi gbé Jóṣúà jó.

Tìrẹ ni mo jẹ́ tọkàntọkàn,

Ìdùnnú Akíndúró