Orúkọ Vuković àti Ọmọ Àbẹ̀kẹ́

Ọ̀mù-Àrán, Ọjọ́bọ̀, 1974

Ọ̀la la ó sọ ọmọ Àbẹ̀kẹ́ lórúkọ. Méjì ti kú mọ́ ọmọbìnrin mi yìí lọ́wọ́, ó wá fẹ́ pe ẹ̀kẹta ní Kòkúmọ́. Mo kọ̀. Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wí? Àbí ojo tó ń bẹ̀rù àbíkú ni mí ni?

Lónìí, Vuković, ẹnjiníà ará Sẹ́bíà tó ń bá wa fa omi ẹ̀rọ, ní "ọmọ Ìkookò" ni ìtumọ̀ orúkọ òun. Nílùú wọn, ẹni tí ọmọ ń kú fún ló ń sọ ọmọ ní Ìkookò, kí àjẹ́ lè bẹ̀rù rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Tíṣà: adájọ́ ń jẹ́ ẹ, agbábọ́ọ̀lù ń jẹ́ ẹ, bíṣọ́ọ̀bù pàápàá ń jẹ́ ẹ."

Bíṣọ́ọ̀bù kẹ̀! Ẹ̀rín ni mo rín délé. Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ sọ ọ́ ní Kòkúmọ́.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ rò pé mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti bí i?"