Ẹ̀kọ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀rọ Yín ní Kàdúná

Rodiyah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Ungwan Shanu, ìwọ àti ọkọ rẹ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Mo kí Najeeb ọmọ rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fi Hausa dá mi lóhùn, mo sì ṣe àmín sí i, torí n kò mọ̀ bóyá àdúrà ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ oúnjẹ wò níbi iṣẹ́ yín ló mú mi kọ̀wé, ó ti sú mi. Kaosarah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ Abdussalam tó wà lọ́wọ́ mi látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wú, irun rẹ̀ ti pọ́n bí irun àgbàdo, kò sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ìwọ lo ní kí n bu díẹ̀ ránṣẹ́ nínú ohun tó ń jẹ, pé ẹ̀rọ yín á wo purotéènì inú rẹ̀, pé àìtó rẹ̀ máa ń pa ọmọdé. Mo bu ẹ̀kọ rẹ̀ sínú fúláàsì, mo fi rán Aaron awakọ̀. Ẹ̀rọ ní oúnjẹ náà dára gan-an. O ní kí n fi ìtọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, bóyá kíndìnrín ni. Mo fi í ránṣẹ́, ẹ ò rí purotéènì nínú ìtọ̀ náà, ẹ tún ń ṣọpẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ dára. Kí lẹ ń wá gan-an? Ẹ fẹ́ ẹ nínú ìkòkò, ẹ ò fẹ́ ẹ nínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ló gbà wọlé. Oṣù kan ti lọ, ẹ wá ní kí n gbé e lọ sí Ìlọrin kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ wo nìyẹn? Bí àlejò bá bá ẹyin nínú ọbẹ̀ mi, á mọ̀ pé torí òun ni mo ṣe fi í sí i. Ẹ̀rọ yín rí ẹyin méjì àti ẹja gbígbẹ tí mo lọ̀ kúnná nínú ẹ̀kọ ọmọ ọdún méjì, kò béèrè ibi tí mo ti rí i. Ọwọ́ Basheerah aládùúgbò wa ni mo ti tọrọ ẹyin. Ṣé kí n gbé ẹ̀kọ lásán síwájú àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n máa wò ọ́ pé ilé tó o ti wá nìyí? Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Abdussalam, ẹ̀kọ lásán ni Kaosarah ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú ṣúgà bí ṣúgà bá wà. N kò fẹ́ kó o gbọ́. Mò ń bínú sí ẹ̀rọ, èmi ni mo sì purọ́ fún un. Ojú ń tì mí, Rodiyah.

Fúláàsì tó wà lọ́wọ́ Aaron báyìí, n kò fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n má dúró de ẹ̀rọ kó o tó fi owó ẹyin àti ẹ̀wà ránṣẹ́. Fún Aaron ní owó náà, má fi í sínú ògiri báńkì, torí ó gba káàdì mi lọ́jọ́sí, mo dúró títí di ọ̀sán, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò jáde wá ṣàlàyé.

Ọlọ́hun á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Bó o ṣe ń wá ohun tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ kiri, kò ní pa tiwa nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáwù

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ìpín àárọ̀ Kaosarah ló wà nínú fúláàsì yẹn. Kí wọ́n má bù ju èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ lọ, kí Aaron gbé ìyókù bọ̀.